Màámi, Bọ́sẹ̀ Kò Tíì Mọ̀wé Kà Tán

Màámi mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà mi, ẹ kú èéfín ìdí agbada gààrí, ẹ kú ìtọ́jú Bàámi. Orí àga ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sí pé mo ti kúnlẹ̀. Mo kí Bàámi ní oko kòkó, mo ní kí Ọlọ́run máa bá wọn ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wọn. Mo kí Màmá Àgbà, mo ní ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti ń fún wọn ní ìsinmi díẹ̀díẹ̀. Mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Gbọ̀ngán, tọmọdé tàgbà. Èmi náà wà láàyè ní Ìdímù níbí, ara mi le, àfi òjò tó fẹ́ gbé wa lọ.

Mo kí ìwọ náà, Bọ́sẹ̀, àbúrò mi, torí mo mọ̀ pé ìwọ lo di lẹ́tà yìí mú tí ò ń kà á sí Màámi létí. Rọra kà á o. Má sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Níbi tí mo bá ti ní kí o dúró, dúró. Níbi tó bá sì ti kan ìwọ fúnra rẹ, má fò ó, má sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí Màámi má baà gbọ́, torí mo mọ ìwà rẹ.

Màámi, ẹ má bínú pé mo tún fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn pé kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ ilé wa síta. Orúkọ bàbá wa kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn yín nípa Bọ́sẹ̀ yìí náà ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ìyá, ní ọ̀dọ̀ tiyín lọ́hùn-ún àti ní Ìkọ̀tún níbí, mo sì rò pé bí mo bá ń bá ìyá tèmi sọ̀rọ̀, ìyá ẹlòmíràn lè dúró gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́tà tí ẹ fi rán dẹ́rẹ́bà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní Bọ́sẹ̀ ti dé ìwé márùn-ún, pé kò sí lẹ́tà tí mo kọ tó ń kọsẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́, pé ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá wọ́n ti ń pè é kó wá ka ìkéde. Ẹ ní ìwé tí ọmọbìnrin fẹ́ mọ̀ náà nìyẹn, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ní bí sáà yìí bá ti parí, kó di ẹrù rẹ̀, kó lọ bá Àǹtí wa tó ń ta aṣọ n'Íbàdàn, kó máa jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, kó máa bá wọn kọ ohun tí wọ́n bá tà sílẹ̀. Ẹ ní Bàámi sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà. Ẹ wá ní Bọ́sẹ̀ náà ti gbà.

Ibẹ̀ yẹn ni mo dúró sí, torí Bọ́sẹ̀ náà ló kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ẹ̀yin ń sọ, òun ń kọ. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bọ́sẹ̀ náà ti gbà, bí ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ ará ilé kejì. Ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ibi tó pa rẹ́. Mo ka gbólóhùn yẹn ní àkàtúnkà. Mo ń bi ara mi pé kí ni ọmọ yìí ń rò nígbà tó ń kọ ọ́? Ṣé ó tilẹ̀ rò ó, àbí ọwọ́ rẹ̀ kàn ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́? Ẹ mọ̀ mí, Màámi. Láti kékeré lẹ ti ń sọ pé ìbéèrè mi pọ̀ ju irun orí mi lọ. Ohun tí mo rí nínú kíláàsì mi níbí ló jẹ́ kí n ní èsì kan láti fún yín, torí náà ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́.

Ẹ rántí pé kíláàsì ìwé márùn-ún ni wọ́n gbé fún mi. Ilé ìwé wa wà lápá ibi tí èèyàn ń gbà láti Ìdímù lọ sí Ìkọ̀tún. Òwúrọ̀ ni àwa ń ṣe tiwa. Bó bá di ọ̀sán, àwọn mìíràn á wọlé sórí bẹ́ǹṣì kan náà tí kò tíì tutù. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, gbogbo ọ̀nà á di ẹrẹ̀, àwọn ọmọ á bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọ́n á ṣan ẹsẹ̀ nídìí kànga kí wọ́n tó wọlé. Ìwé kò kárí. Ẹyọ kan ni ọmọ mẹ́rin ń wò, wọ́n á gbé e sí àárín tábìlì, wọ́n á yí i ká bí ẹni tó fẹ́ jọ jẹun nínú àwo kan. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gbádé, ìdojúkọ àwọn yòókù ló máa ń jókòó sí, ó sì ti mọ ìwé kà lódì. Bí mo bá kọjú ìwé sí i bó ṣe yẹ, á rọra yí i padà. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní bóun ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ wọn tí wọ́n ń kàwé, inú mi dùn. Wọ́n ń kà á wàràwàrà, kò sí pé à ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ní háà, mo ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tó mọ̀wé. Àfi lọ́jọ́ tí hẹ́dìmásítà wa wọlé. Bàbá kan tí kì í pariwo ni. Wọ́n dúró sẹ́yìn, wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n wá ní kí n bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n kà. Mo bi wọ́n. Wọ́n tún un kà fún mi. Mo ní rárá o, ẹ pa ìwé dé, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Wọ́n pa ìwé dé lóòótọ́, wọ́n sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn ò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń pa èmi náà.

Nígbà tí a jáde, wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní àwọn kékeré ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọmọ ní ìwé mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà, ìwé tí wọ́n ń kà ló yẹ kó máa kọ́ wọn ní nǹkan. Wọ́n ní ó yẹ kí ọmọ ìwé márùn-ún lè kàwé tán kó sọ kókó inú rẹ̀ ní ṣókí, kó mọ ohun tó fa nǹkan, kó lè gba inú ọ̀rọ̀ tó mọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Wọ́n tún ní ó yẹ kó lè rí ohun tí òǹkọ̀wé kò fi ẹnu sọ ṣùgbọ́n tó fẹ́ kó yé èèyàn. Wọ́n ní ìkẹyìn yẹn ló máa ń le jù, pé kí n máa wò ó.

Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Mi ò tíì ronú sí i rí pé kò sí ẹni tó lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ tó ń kàwé. Ẹ ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ ń rí ètè rẹ̀ tó ń mì, ṣùgbọ́n níbo ni ọkàn rẹ̀ wà? Ó lè ti wà nídìí bọ́ọ̀lù o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin adìyẹ, mo fẹ́ mọ ìgbà tí nǹkan á ta nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan a kan ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, àká. Èmi ọmọ Gbọ̀ngán, kí ni mo fẹ́ ṣàlàyé nípa àká? Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni wọ́n, wọn ò rí àká rí. Mo pa ẹnu mi mọ́. Mo ní ta ló mọ̀ ọ́n? Ìwé sọ pé wọ́n kó àgbàdo sínú àká, ni wọ́n bá ní lọ́ọ̀rì ni. Mo ní ẹ kà á síwájú. Wọ́n ka ibi tí eku ti wọ inú àká, wọ́n ní eku lè wọ lọ́ọ̀rì, kò burú. Wọ́n wá kan ibi tí bàbá àgbẹ̀ ti ń fi koríko tún òrùlé àká ṣe. Gbádé ló kọ́kọ́ fọhùn, ó ní lọ́ọ̀rì kì í ní òrùlé koríko, ilé ni, ilé tí wọ́n kọ́ fún àgbàdo. Mi ò sọ fún wọn o, Màámi! Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fà á jáde láàárín àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ ra búrẹ́dì fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n mo rántí pé ìparí oṣù ṣì jìnnà.

Ní ti sísọ kókó ọ̀rọ̀ ní ṣókí, mo ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé ìyá wọn ń sáré lọ wọ ọkọ̀, tó wá bi wọ́n láti ojú ọ̀nà pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé. Ṣé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n jí? Wọ́n ní rárá, ọkọ̀ á ti lọ. Ìyẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé wọn. Mo ti ń yangàn. Mo ní ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìkẹyìn tí bàbá ní ó le, kí ló le níbẹ̀?

Ìtàn kékeré kan wà nínú ìwé wa. Ìyá kan ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀, oúnjẹ sì tán nínú ìkòkò. Ọmọ kan bi í pé oúnjẹ ti ìyá ńkọ́, ó ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́. Ó bu omi mu, ó tún ìró rẹ̀ ró le dáadáa, ó jókòó, ó ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ìtàn parí síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ìyá yìí ti jẹun? Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jẹun. Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Wọ́n ní òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo omi tó mu. Wọ́n ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Mo ní ìró tó tún ró ńkọ́? Wọ́n ní ó ti ń tú ni.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Ìdòwú. Ìjẹ̀gùn ló ti ń fẹsẹ̀ rìn wá. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ nílé wọn, òun ló sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. Ká ní ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, Màámi. Ó mọ ibi tó yẹ kó mí, ó mọ ibi tó yẹ kó gbé ohùn sókè. Ẹ máa ní kí ló tún kù tí ọmọ yìí fẹ́ kọ́. Òun ni mo yíjú sí, mo ní Ìdòwú, ìwọ ńkọ́? Ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó wá rọra sọ pé:

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ìyá ọlọ́mọ ni. Bí n bá ní wọn ò tíì jẹun, ṣé mi ò ti pè wọ́n ní òpùrọ́ báyìí?"

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń bi wọ́n léèrè yẹn, mo ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i ni. Wọ́n rí i o! Ó kéré tán, Ìdòwú rí i. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé kó má máa já àgbà nírọ́, wọ́n sì ti kọ́ ọ ní ìjọ wọn pé ẹni tó bá ń ka Ìwé Mímọ́ kò gbọdọ̀ fi tara rẹ̀ kún un. Ẹ̀kọ́ rere ni méjèèjì. Ẹ̀yin náà fi irú rẹ̀ tọ́ mi. Ṣé èmi ni n máa wá sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó jù ú nù nítorí ìwé kíkà? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, báwo ló ṣe máa kàwé yé? Aago lù, wọ́n lọ sílé, ìbéèrè yẹn bá mi délé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni àárò yín máa ń sọ mí jù. Ẹ mọ irú ilé tí mò ń gbé, yàrá ló kọjú sí yàrá, gbogbo èèyàn á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tọkọtaya á jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, èmi á wà nínú tèmi. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn wọ́n tún ti mú iná lọ. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi. Ìyá Ṣẹ́gun, obìnrin tó wà ní yàrá kejì, ń bu ẹ̀wà fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní Àǹtí Tíṣà, ẹ wá jẹun. Mo ní ẹ ṣeun mà, mo ti jẹun. Àbí kí ni n bá sọ? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ tọ́ mi? Mi ò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Ìyá Ṣẹ́gun ò bá mi jiyàn. Wọ́n wo ojú mi báyìí, wọ́n wọlé, wọ́n bu ẹ̀wà wá, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Mo jẹ ẹ̀wà yẹn, mò ń bi ara mi pé ta ló sọ fún obìnrin yìí? Ṣé ó pè mí ní òpùrọ́ ni? Kò pè mí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ, ó tún gbọ́ èkejì. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìgbà tí ẹ máa ń mú mi dání lọ kí àwọn èèyàn. Wọ́n á gbé iyán wá. Ẹ̀yin á ní Mojí, gbà, jẹun, ẹnu yín á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú yín, Màámi! Ẹ á kàn ṣẹ́ ẹ báyìí, ẹ á wo ibòmíràn. Èmi á ní mo ti yó, mà, inú mi á sì máa ké bí ọ̀pọ̀lọ́. Èèyàn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ojú yẹn rí, mo kàn mọ̀ ọ́n kà ni. Mo fò dìde lórí àpótí. Ìyá Ṣẹ́gun ní ṣé ata ló ta mí.

Lọ́jọ́ kejì mo fi ìwé sílẹ̀. Mo ní kí Ìdòwú wá ṣe ọmọ, èmi á ṣe ìyá, kí Gbádé ṣe onílé tí a lọ kí. Gbádé gbé àpótí ṣọ́ọ̀kì wá, ó ní iyán rèé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Ìdòwú, gbà, jẹun. Mo wá ṣẹ́jú sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Màámi, ká ní ẹ gbọ́ ariwo tó sọ nínú kíláàsì yẹn! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì, kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò tíì ṣẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ sí rí. Kí n tó ṣẹ́ ẹ tán ni Ìdòwú ti fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní òun ti yó, mà.

Mo bi í pé kí ni mo sọ. Ó ní mo ní kóun jẹun. Mo ní kí ló dé tí kò jẹ ẹ́? Ó ní ojú mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé irọ́ ni ìyá rẹ̀ máa ń pa nígbà tí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀? Ó ronú. Ó ní rárá, onílé ni wọ́n ń fi ẹnu bá sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n ń fi ojú bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe sọ ọ́, ọmọ ìwé márùn-ún! Mo ní ó dáa, ṣí ìwé rẹ. Mo ní ẹni tó kọ ìtàn yìí ò sí níbí, kò ní ojú tó máa ṣẹ́ sí ọ, wá a wò bóyá ó fi nǹkan mìíràn síbẹ̀ dípò ojú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé ohùn sókè, kò sọ ohùn kalẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ó dé ibi omi. Ó dé ibi ìró. Ìka rẹ̀ dúró. Ó ní ìyá yìí ò tíì jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ ló pa, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ yó ni. Mo ní o ṣeun, jókòó. Ó jókòó, ó tún dìde. Ó ní:

"Àǹtí, Màmá mi náà máa ń tún ìró wọn ró."

Mo kọjú sí bọ́ọ̀dù, mo ṣe bí ẹni ń nu ún. Omi ń bọ́ lójú mi, Màámi, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i. Ọmọ yẹn ti ń ka ìwé bí ayékòótọ́ láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo ìjọ ń kí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ka ìwé délé ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Wọ́n ń bi mí léèrè ohun tí èmi gan-an ò rò. Gbádé dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń gbé lápá Gowon Estate, pé òun kọjá ilé kan nígbà tóun ń bọ̀ l'Ẹ́gbẹ́dá, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ó ní tí kì í bá ṣe títà, kí ló dé tí wọ́n ń kọ ọ́? Ẹnì kan ti fẹ́ tà á ni! Ó ní ẹni náà á sì jẹ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n dáadáa, bóyá ọmọ ìyá wọn, torí àlejò ò lè ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún hẹ́dìmásítà, wọ́n ní irú ọmọ yẹn, ẹ má jẹ́ kó sá nílé ìwé.

Ìdí tí mo fi ń ro gbogbo èyí fún yín nìyí, Màámi. Ìdòwú tí mo sọ yẹn ju Bọ́sẹ̀ wa lọ nínú ká gbé ohùn sókè ká kàwé. Ká ní wọ́n mú un kúrò nílé ìwé kó tó di ọjọ́ yẹn ni, gbogbo Ìjẹ̀gùn ni ìbá máa sọ pé ó mọ̀wé, òun náà ìbá sì gbà bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa dàgbà. Ibi tí Bọ́sẹ̀ dúró sí nìyẹn. Ìlẹ̀kùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò tíì wọlé. Mi ò bú Àǹtí wa o. Aṣọ tí mo wọ̀ wá s'Ékòó, àwọn ni wọ́n fún mi. Bí ọlidé bá dé, kó lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́ ọjà, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó ka ìwé mẹ́fà, kó sì kọjá ibẹ̀. Ohun tí yóò ná wa, ìwé àti aṣọ, ẹ fi í sí mi lọ́rùn. Owó oṣù tíṣà kì í tètè dé, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dé ṣá.

Bọ́sẹ̀, dúró níbí. Ká lẹ́tà yìí mọ́wọ́. Sọ ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ fún Màámi ní ẹnu ara rẹ, má kà á.

Ṣé ó ti sọ ọ́? Màámi, bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi ló kàn ń tún sọ láti òkè, ẹ ti rí i pé ó ku ohun tó ń kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ nílé ìwé. Bó bá sì jẹ́ pé ó sọ ọ́ tó yé yín yékéyéké, tó tilẹ̀ fi ohun tí mi ò kọ kún un, ta ló máa wá gbé irú orí bẹ́ẹ̀ lọ jókòó ti aṣọ? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ẹ ń sọ pé Mojí ti tún gbé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ọ̀nà méjèèjì, ilé ìwé ló já sí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún Bàámi pé kí wọ́n má máa dá nìkan gun igi kòkó bí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa orúnkún Màmá Àgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí. Ẹ kí àwọn ìyá ìdí gààrí, ẹ ní mo gbọ́ ìkíni wọn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iná yín jó yín lọ́wọ́. Ẹ ò ní fi ojú sọkún ọmọ. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó gbó, ẹ ó jẹun ọmọ kárí, àtèmi, àti Bọ́sẹ̀, gbogbo wa la ó gbé e wá fún yín nínú àwo tó mọ́.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ní Bọ́sẹ̀ náà ti gbà. Mo ti ka gbólóhùn yẹn bí Ìdòwú ṣe ka tirẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo ń wá ohun tó wà nídìí rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, torí mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ọmọ tí ẹ tọ́ ni, kò ní fẹnu kọ ohun tí ẹ bá fẹ́. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ o, ojú sì ni ẹ fi ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín. Bọ́sẹ̀, dákẹ́ ìwé kíkà báyìí. Gbé orí sókè. Màámi, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ẹ bá kà níbẹ̀ ni kí ẹ ṣe.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojí